Ewé, Egbò àti Àrùn Àtọ̀gbẹ: Kí Ni A Ti Dán Wò?

(Ọ̀rọ̀ tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ ìlera sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú Wa)

  Àwa tí a dìde níwájú yín jẹ́ ọmọ ìlú yìí tí iṣẹ́ òòjọ́ wa jẹ mọ́ ìtọ́jú aláìsàn àti oògùn pípò. Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan tí a ń gbọ́ nílé, lọ́jà, àti lẹ́nu àwọn ará wa tí ń bẹ lókè òkun: ǹjẹ́ ewé àti egbò ilẹ̀ wa lè wo àrùn àtọ̀gbẹ?

A kò ní fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Èrò wa ni pé ewé lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, síbẹ̀ kí ó má tíì di oògùn. Ohun tí ó wà láàrin ewé àti oògùn ni ìdánwò. Ìdánwò yìí kì í sì í ṣe àbùkù fún àwọn baba ńlá wa. Ọ̀wọ̀ ni ó jẹ́ fún ìmọ̀ wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí ń gbé pàǹtírí lé orí òṣùwọ̀n. Ohun iyebíye ni a ń wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn tàbí tí ó ń lo oògùn oníhóró, tí ẹnìkan wá sọ fún un pé kí ó da gbogbo rẹ̀ nù, kí ó máa mu àgbo kan, pé láàrin oṣù kan àrùn náà yóò tán. Nígbà mìíràn, ara aláìsàn náà a kọ́kọ́ yá, gbogbo ilé a sì máa yọ̀. Lẹ́yìn náà ni egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná yóò dé, tàbí ojú tí ń ṣú, tàbí òǹgbẹ òru, àárẹ̀ àti èébì tí a ó fi gbé aláìsàn dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan a dé ibẹ̀ lásìkò. Àwọn mìíràn kì í dé ibẹ̀ lásìkò. Nítorí wọn ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ lónìí.

Kí a tó sọ̀rọ̀ ewé, ẹ jẹ́ kí a mọ àrùn tí à ń bá jà. Oúnjẹ tí a ń jẹ, ìbáà ṣe iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, a máa di ṣúgà nínú ara, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e kiri láti fún ara ní agbára. Ẹ̀yà ara kan wà tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní pancreas. Òun ni ó ń ṣe èròjà tí a ń pè ní ínsúlìn, iṣẹ́ ínsúlìn sì ni láti ṣí ìlẹ̀kùn ara sílẹ̀ kí ṣúgà lè wọlé. Bí ínsúlìn kò bá sí, tàbí bí ara kò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni tí ó ru oúnjẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ebi sì ń pa àwọn ará ilé. Kíndìnrín yóò wá máa da àpọ̀jù ṣúgà náà sínú ìtọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí aláìsàn fi ń tọ̀ léraléra, tí òǹgbẹ fi ń gbẹ ẹ́, tí ó sì ń rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun.

Ẹ̀yà méjì pàtàkì ni àrùn náà ní. Nínú ẹ̀yà kìíní, tí ó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, ara kò ṣe ínsúlìn tí ó tó gbé ẹ̀mí ró mọ́. Nínú ẹ̀yà kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àgbàlagbà, ínsúlìn wà ṣùgbọ́n kò tó, tàbí kí ara má gbọ́ tirẹ̀ dáadáa. Ṣáájú 1922, ọmọ tí ẹ̀yà kìíní bá mú, ikú ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1922 ni a kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan ní abẹ́rẹ́ ínsúlìn ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, lẹ́yìn iṣẹ́ tí Banting àti Best bẹ̀rẹ̀ ní 1921. Ọmọ náà, tí ikú ti ń wò lójú, lo ọdún 13 sí i láyé. A mẹ́nu ba èyí kí ó lè yé wa pé kò sí ewé kankan, nílé tàbí lókè òkun, tí a tíì rí tí ó lè rọ́pò ínsúlìn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣe é mọ́. Ẹni tí ó bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí àgbo ti ṣí ilẹ̀kùn fún ikú.

Àrùn yìí kì í ṣe ti ìlú kan. Ní 2021, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà mílíọ̀nù 537 ni ó ní in ní gbogbo ayé. Àwọn baba wa pàápàá mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí wọ́n fún un, àtọ̀gbẹ, fi hàn pé wọ́n ti kíyè sí ẹni tí ń tọ̀ títí tí ara rẹ̀ fi ń gbẹ. Wọ́n sì rí i pé èèrà máa ń ṣù bo ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ sí, nítorí adùn tí ó wà nínú ìtọ̀ náà. Àkíyèsí ọlọ́gbọ́n nìyẹn, ó sì tọ̀nà.

Láti inú àkíyèsí yìí ni èrò kan ti jáde, pé bí àrùn bá ti inú adùn wá, ìkorò ni yóò lé e lọ. Ìdí nìyí tí ewúro, ejìnrìn, dóńgóyárò àti àwọn ewé kíkorò mìíràn fi pọ̀ nínú àgbo àtọ̀gbẹ. Èrò náà jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n ni ìkorò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ewé tí ó korò lè ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́; èyí tí kò korò náà lè ṣe bákan náà. Ìkorò kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń fi ewé ṣe yẹ̀yẹ́. Metformin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tí a ń lò jù ní gbogbo àgbáyé, tí ó wà lápò ọ̀pọ̀ nínú yín bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, inú ewé ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Koríko kan wà ní Yúróòpù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Galega officinalis. Láti ayébáyé ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ibẹ̀ ti ń lò ó fún oríṣiríṣi àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè pa àgùntàn tí ó bá jẹ ẹ́ lájẹjù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú u wò, wọ́n rí èròjà kan nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní galegine, èyí tí ó ń dín ṣúgà kù nítòótọ́. Láàrin 1920 sí 1930 ni a fún àwọn aláìsàn ní èròjà náà. Ó dín ṣúgà wọn kù, ṣùgbọ́n májèlé inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣeé lò.

Ní 1922, àwọn onímọ̀ méjì ní ìlú Dublin, Werner àti Bell, ti ṣe èròjà mìíràn tí ó jẹ́ ìbátan galegine. Òun ni metformin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi wo àtọ̀gbẹ. Ní 1957 ni dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean Sterne, kọ̀wé lórí bí ó ti fún àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ ní oògùn náà. Ìbátan rẹ̀ kan, phenformin, ni a kó kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 1977, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ásíìdì kún inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan títí tí wọ́n fi ń kú. Nítorí náà Amẹ́ríkà kò fi ọwọ́ sí metformin títí di 1994. Ní 1998, ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nínú àwọn aláìsàn tí ó sanra, àwọn tí wọ́n fi metformin tọ́jú kò kú tó àwọn tí wọ́n fi ìṣọ́ra oúnjẹ nìkan tọ́jú.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: láti 1922 dé 1998 jẹ́ ọdún 76. Ká ní àwọn ará Yúróòpù wí pé ewé àwọn baba wọn kò nílò ìdánwò, koríko tí ń pa àgùntàn ni wọn ì bá máa mu títí di òní. Ká ní wọ́n sì wí pé ewé àwọn àgbà kò wúlò fún nǹkan kan, metformin kì bá tí sí. Ọ̀nà méjèèjì ni ó lè mú wa ṣìnà: kí a gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, tàbí kí a kọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, sí abẹ́ igi iṣin. Láti kékeré ni a ti kọ́ wa pé a kì í jẹ iṣin àfi bí ó bá fúnra rẹ̀ la ẹnu lórí igi. Igi yìí bá ọkọ̀ tí ń kó ẹrú rékọjá òkun dé Jàmáíkà ní 1778, ibẹ̀ ni ó sì ti di oúnjẹ pàtàkì tí wọ́n ń pè ní ackee. Àwọn tí ó bá jẹ èyí tí kò pọ́n níbẹ̀ a máa bì, wọn a dákú, àwọn mìíràn a sì kú. Ní 1954, àwọn onímọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Jàmáíkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti rí èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ ibi náà. Hypoglycin ni wọ́n pè é, nítorí pé ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kì í jẹ́ kí ara rí ọ̀rá sun fún agbára, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ṣe ṣúgà tuntun, títí ṣúgà ara yóò fi tán pátápátá. Ní 1998, ọmọ kéékèèké 29 ni àìsàn òjijì pa ní Burkina Faso. Iṣin tí kò pọ́n ni ìwádìí tọ́ka sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ronú sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ń dín ṣúgà kù ni oògùn àtọ̀gbẹ, a jẹ́ pé iṣin tí kò pọ́n ni ì bá jẹ́ olórí wọn. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ewé kan mú ṣúgà wálẹ̀, kì í ṣe ibẹ̀ ni ìbéèrè parí sí. A gbọ́dọ̀ tún béèrè pé: ó mú un wálẹ̀ dé ibo? Ọ̀nà wo ni ó gbà? Kí ni ó ṣe fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín? Bí a bá sì ń mu ún fún ọdún márùn-ún ńkọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ gbogbo ni a ń tọ́jú àtọ̀gbẹ?

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdánwò a máa fi ohun tí a kò wá hàn wá. Òdòdó kan wà tí àwọn ènìyàn ń gbìn síwájú ilé, tí ìtànná rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí kí ó funfun; periwinkle ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn ará Jàmáíkà a máa fi ewé rẹ̀ ṣe tíì mu fún àtọ̀gbẹ. Ní 1952, a fi ewé náà ránṣẹ́ sí onímọ̀ kan, Robert Noble, ní Kánádà. Ó fi í dán eku wò, ṣúgà eku kò sì yẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi omi rẹ̀ gún wọn lábẹ́rẹ́, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń bá àrùn jà nínú ara wọn ń dínkù gidigidi, wọ́n sì ń kú. Ohun tí ó pa eku yìí ni òun àti Charles Beer tú wò títí wọ́n fi yọ vinblastine jáde ní 1958, oògùn tí a fi ń tọ́jú àwọn àrùn jẹjẹrẹ kan títí di òní. Ewé tí kò ṣe nǹkan kan fún ṣúgà àwọn eku náà ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là lọ́wọ́ àrùn mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì léwu fún ẹni tí yóò kàn já a sínú omi gbígbóná lójoojúmọ́. Bí a bá rọra pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Kí ni a wá ti dán wò nínú ewé tiwa? Kì í ṣe díẹ̀. Ní 1983, Maurice Iwu, onímọ̀ ewé oògùn ọmọ Nàìjíríà, kọ̀wé lórí ewé ìrà ọ̀dàn tí ó ń dín ṣúgà kù. Ní 1990, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí èròjà kan tí ń jẹ́ dioscoretine, tí a yọ nínú èsúrú. Ó mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ehoro wálẹ̀. Ní 1992 ni àwọn olùwádìí mìíràn ní Nàìjíríà kọ̀wé pé omi ewúro ṣe bẹ́ẹ̀ fún ehoro. Láti ìgbà náà, ní àwọn Yunifásítì wa, a ti fi onírúurú ewé dán eku wò. Iṣẹ́ rere ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ehoro kì í ṣe ènìyàn. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ṣe ni a sábà máa ń fi kẹ́míkà ba pancreas ẹranko jẹ́ lọ́jọ́ kan, tí a ó sì fún un ní ewé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àtọ̀gbẹ àgbàlagbà kì í bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í parí bẹ́ẹ̀.

Ejìnrìn ni ó rìn jìnnà jù nínú wọn, nítorí pé ó ń hù ní Éṣíà pẹ̀lú, àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà a sì máa se èso rẹ̀ jẹ. A ti dán an wò lára ènìyàn. Ní 2012, ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó àwọn ìwádìí jọ kí ó sì yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, rí mẹ́rin péré tí ó kúnjú òṣùwọ̀n. Gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 479, kò sì sí èyí tí ó ju oṣù mẹ́ta lọ. Ìdájọ́ wọn ni pé kò sí ẹ̀rí tí ó tó láti sọ pé ejìnrìn ń wo àtọ̀gbẹ ẹ̀yà kejì. Wọn kò sọ pé ejìnrìn kò dára. Wọ́n sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì.

Báwo ni a ṣe ń parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Orúkọ ni ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ewé kan lè ní orúkọ mẹ́ta láàrin ìlú méjì, ewé méjì sì lè máa jẹ́ orúkọ kan. Nítorí náà a ó já ẹ̀ka rẹ̀ tòun ti ìtànná, a ó tẹ̀ ẹ́ gbẹ, a ó sì gbé e lọ sí ibi tí àwọn onímọ̀ igbó ń kó irú rẹ̀ pamọ́ sí, irú èyí tí ó wà ní Ìbàdàn, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣiyè méjì lè lọ wò ó.

Lẹ́yìn orúkọ ni ìwọ̀n. Ìkúnwọ́ mẹ́ta kì í ṣe ìwọ̀n, nítorí pé ọwọ́ ju ọwọ́ lọ. Ewé ìgbà òjò lè yàtọ̀ sí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí a fi omi sè lè yàtọ̀ sí èyí tí a rẹ sínú ọtí. A gbọ́dọ̀ mọ iye èròjà tí ó wà nínú ife kọ̀ọ̀kan, kí ife òní lè dọ́gba pẹ̀lú ife ọ̀la. Lẹ́yìn èyí ni a ó wò ó lára ẹranko bóyá májèlé wà nínú rẹ̀, kí a tó wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó kan ènìyàn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, lábẹ́ ìṣọ́ dókítà, tí a kò sì gba oògùn tí ń gbé ẹ̀mí wọn ró lọ́wọ́ wọn. A ó pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ìgbà tí a ń ṣẹ́ gègé. Apá kan yóò gba ewé. Apá kejì yóò gba ohun tí ó jọ ọ́, tí ó sì korò bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà nínú. Aláìsàn kò ní mọ èyí tí ó gbà, dókítà tí ń wò ó kò sì ní mọ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ìdí ni pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ àgbo sábà máa ń dín ẹ̀bà kù lọ́jọ́ náà, yóò fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàárọ̀. Bí ṣúgà rẹ̀ bá wálẹ̀, ta ni kí a yìn? Ṣé àgbo ni, àbí ẹsẹ̀ tí ó fi rìn? Ṣúgà fúnra rẹ̀ a sì máa lọ sókè sódò láìsí ìdí tí a rí. Ìgbà tí a bá fi apá méjì wéra ni òtítọ́ yóò jáde. A kò sì ní wo ṣúgà ọjọ́ kan nìkan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà, tí a ń pè ní HbA1c, tí ó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tí ó gbààwẹ̀ lánàá kò lè fi í tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2009, ní agbègbè Xinjiang ní ilẹ̀ Ṣáínà, ènìyàn méjì kú lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn kan tí a pè ní ti ìbílẹ̀ fún àtọ̀gbẹ. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, a rí i pé a ti po glibenclamide, oògùn òyìnbó tí ń mú ṣúgà wálẹ̀, mọ́ ọn ní ìwọ̀n tí ó kọjá ààlà. Nítorí náà, ìgò tí ó bá ń ṣiṣẹ́ bí idán, ẹ fura sí i. Ẹ sì mọ̀ pé nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára ìgò àgbo kò túmọ̀ sí pé a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Ọ̀pọ̀ nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni a kọ ọ́ sí lára gbangba pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò.

Ní ìdà kejì, a mọ̀ pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ní ìdí láti pa ẹnu mọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ orúkọ ewé, ẹlòmíràn ni yóò jèrè rẹ̀. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà. Niprisan, oògùn tí a ṣe fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, láti ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá ni ìmọ̀ rẹ̀ ti jáde. Iyeré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni ó wà nínú rẹ̀. Ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Àbújá bá oníṣègùn náà ṣe àdéhùn, wọ́n sì dán oògùn náà wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n fi wé ohun tí kò ní èròjà nínú, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé ṣáájú. Láti 2010 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò ní ìlú Nagoya ní ilẹ̀ Japan pé ẹni tí ó bá lo ewé tàbí ìmọ̀ ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn kan gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda wọn, kí ó sì bá wọn pín èrè rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n náà jẹ nínú rẹ̀.

Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ti rí báyìí, ohun mẹ́rin ni a ń bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí ó ṣe.

Èkíní, kí a kéde rẹ̀ nínú ilé ìjọsìn gbogbo, ní mọ́ṣáláṣí, ní ọjà àti ní ìpàdé ẹ̀ka wa nílé àti lẹ́yìn odi, pé kí ẹnikẹ́ni má fi ínsúlìn tàbí oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí ewé. Ẹni tí ó bá ń mu àgbo pẹ̀lú oògùn gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí pé méjèèjì lè pawọ́ pọ̀ mú ṣúgà wálẹ̀ jù. Bí òógùn bá ń bo aláìsàn, tí ó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já geere mọ́, ẹ fún un ní omi ṣúgà mu kíákíá bí ó bá ṣì lè gbé e mì, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn ìlú wa, kí àwọn tí ń bẹ lókè òkun sì máa fi owó bébà àyẹ̀wò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó jẹun, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti ní àtọ̀gbẹ. Lára ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 7.0 ni wọ́n ń kà á sí. Ẹni tí ó bá bọ́ sísàlẹ̀ 70, tàbí 3.9 lára ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú ewu. Bí a bá ní ẹ̀rọ yìí, ẹnu oníṣòwò kò ní jẹ́ òṣùwọ̀n wa mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a yan ìgbìmọ̀ kékeré kan, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa yóò jókòó nínú rẹ̀, láti kọ ìmọ̀ ewé ìlú yìí sílẹ̀: orúkọ ewé, apá tí a ń lò, bí a ṣe ń sè é, àti orúkọ ẹni tí ó ni ìmọ̀ náà. Kí ìwé náà wà lábẹ́ àṣẹ ìlú, kí ó má sì jáde lọ sí ilé ìwádìí kankan láìsí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn àgbà wa ń lọ, ohun tí wọn kò bá sì sọ yóò bá wọn lọ.

Ẹ̀kẹrin, nínú owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí a ń ná lọ́dọọdún, kí a ya ti ọmọ kan sọ́tọ̀, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, tí yóò kọ́ nípa ewé oògùn ní Yunifásítì. Ẹ má retí pé yóò gbé oògùn dé láàrin ọdún márùn-ún. A ti rí i pé metformin gba ọdún 76. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbin ọsàn lónìí, ọmọ rẹ̀ kò ní bá ọsàn lábẹ́ igi.

Bí ẹnìkan bá bi yín lẹ́yìn ìpàdé yìí pé kí ni a sọ, ẹ wí fún un pé a kò sọ pé ewé kì í jẹ́. A sọ pé èyí tí ó bá jẹ́, kí a mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò bá jẹ́, kí a mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Kí a má sì fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ṣe ìdúró títí a ó fi mọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn àgbà ti mú ewé wá. Ó ku kí àwọn ọmọ mú òṣùwọ̀n wá.